Ẹja Nemo àti Onílé Tó Gbà Á Sílé

   

Ọ̀rọ̀ ẹja kan ni mo gbé wá lónìí, kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Ilé tí ọmọdé bá wà ti mọ̀ ọ́n láti ọdún 2003 tí fíìmù Finding Nemo ti jáde: ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn, ìlà funfun mẹ́ta gba ara rẹ̀ kọjá, etí àwọn ìlà náà sì dúdú. Clownfish ni òyìnbó ń pè é. Àwọn ọmọ wa ò mọ ìyẹn, Nemo ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ni nǹkan tó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ tí Nemo ń gbé inú rẹ̀, wọn á ní koríko ni. Àgbàlagbà mìíràn á ní òdòdó ni. Kì í ṣe koríko, kì í ṣe òdòdó. Ẹranko ni. Ó lẹ́nu, ó ń jẹ ẹran, ó ń rìn, ó sì ń ta. Anẹ́mónì ni orúkọ rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń gbé pọ̀ nínú òkun, àti bí àwọn èèyàn ṣe ń sìn wọ́n nínú àpótí gíláàsì nínú pálọ̀. Mo sì fẹ́ sọ èrò mi síta láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí. Ẹja ni gbogbo èèyàn ń wò. Ẹja ni wọ́n ń torí rẹ̀ náwó. Ṣùgbọ́n anẹ́mónì ni ìyà máa ń jẹ, òun ló sì máa ń tètè kú. Ẹni tí kò bá tíì lè tọ́jú anẹ́mónì, kí ó ra ẹja nìkan. Ẹja náà á yè, ara rẹ̀ á sì le.

Òkun tiwa kọ́ ni ilé wọn. Apẹja Bàdágìrì tàbí ti Kútọnu lè da àwọ̀n títí ọjọ́ alẹ́, clownfish ò ní kó sí i, nítorí kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú Òkun Àtìláńtíìkì. Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì ni wọ́n wà, láti Òkun Pupa àti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, gba Indonéṣíà àti Filipínì kọjá, títí dé Japáànù àti Ọsirélíà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò jìn ni wọ́n fẹ́, níbi tí oòrùn ti lè ràn dé ìdí òkúta iyùn. Irú clownfish tó wà tó bí 30. Irú anẹ́mónì tó wà láyé ju 1,000 lọ, àmọ́ nínú gbogbo wọn, 10 péré ló ń gba àwọn ẹja yìí sílé. Ní ọdún 1868 ni onímọ̀ ẹ̀dá kan, Cuthbert Collingwood ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun rí àwọn anẹ́mónì ńláńlá nínú Òkun Ṣáínà, tí ẹja kéékèèké ń wọ inú wọn, tí wọ́n ń jáde, tí nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n.

Ó yẹ kó yà á lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wo ara anẹ́mónì ná. Ẹsẹ̀ kan ló ní, ó rí pẹrẹsẹ, òun ló fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Lókè, ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lọ súà, wọ́n rọ̀, wọ́n yí ẹnu kan ṣoṣo ká. Ẹnu yẹn ló fi ń jẹun, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà yàgbẹ́. Kò ní egungun, kò lójú, kò ní ọpọlọ. Inú awọ ọwọ́ rẹ̀ ló kó ohun ìjà sí: àpò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, wọn ò níye, okùn olóró ká sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹja kan bá ṣèèṣì fara kàn án, àwọn okùn yìí á bẹ́ jáde, wọ́n á gún un, oró á mú un, kò ní lè sá mọ́. Ọwọ́ á wá rọra fà á sẹ́nu.

Kí ló dé tí kì í ta clownfish? Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ lásán mú ẹja àrọ̀ láàyè rí mọ omi yíyọ̀ tó máa ń wà lára ẹja. Nínú omi yíyọ̀ ti ẹja púpọ̀, èròjà ṣúgà kan wà tí wọ́n ń pè ní sialic acid. Òun ni àpò oró anẹ́mónì fi ń mọ̀ pé ẹran ti dé. Ti ara clownfish kéré gan-an. Ara anẹ́mónì fúnra rẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní in, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kan kì í fi í ta ìkejì. Ohun tó tún wù mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọn ò bí ààbò yẹn mọ́ ọmọ clownfish. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí òkun ṣì ń gbé kiri, anẹ́mónì lè ta á pa. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá ń yí padà, tí ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ni èròjà náà ń dín kù, ìgbà náà ló tó lè wá ilé.

Síbẹ̀ kì í já wọlé gbàrà. Á kọ́kọ́ fi ìrù kan ọwọ́ anẹ́mónì, á sá sẹ́yìn. Á tún padà, á fi ikùn kàn án, á tún sá. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè ṣe é fún wákàtí púpọ̀, kó tó wá wọ inú rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá rí i nígbà àkọ́kọ́ nínú táǹkì rẹ̀, ojú ò ní kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan rò pé ẹja nìkan ló ń jèrè. Rárá o. Àwọn ewéko tí ojú ò lè rí ń gbé nínú ẹran ara anẹ́mónì. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń fún onílé nínú rẹ̀. Amóníà tó ń jáde lára ẹja ni ajílẹ̀ àwọn ewéko yìí. Lóru, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ò sí, tí ewéko ò lè ṣe ọ́síjìn, ẹja kì í sùn kalẹ̀. Ó ń yí ara, ó ń ju lẹ́bẹ́ láàárín ọwọ́ anẹ́mónì, omi tuntun ń wọlé, onílé ń rí èémí mí. Tó bá sì di ojúmọ́, ó ń ṣọ́lé. Àwọn ẹja kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gé ọwọ́ anẹ́mónì jẹ. Clownfish tí kò ju ìka ọwọ́ lọ á kọjú sí wọn, á lé wọn. Ọwọ́ èèyàn pàápàá, ó ń gé e jẹ, kò bẹ̀rù.

Ètò inú ilé wọn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nínú anẹ́mónì kan, abo kan ló wà, akọ kan, àti àwọn kéékèèké bíi mélòó kan tí kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ. Abo ló tóbi jù, òun ni olórí. Ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, àwọn tó kù ń tò tẹ̀ lé wọn bí ara wọn ṣe tó. Kò sí clownfish kankan tó bẹ̀rẹ̀ ayé ní abo. Bí abo bá kú, ọkọ rẹ̀ á di abo. Ara rẹ̀ á yí padà, ohun tó fi ń ṣe akọ nínú rẹ̀ á pòórá, á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Èyí tó wà ní ipò kẹta á tètè dàgbà, á bọ́ sí ipò ọkọ. Hans Fricke, onímọ̀ nípa ẹ̀dá láti Jámánì, àti Simone Fricke ló kọ èyí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1977. Nínú fíìmù, ẹja ńlá kan pa ìyá Nemo ṣáájú kí ẹyin tó pa, bàbá nìkan ló kù tó ń tọ́ ọmọ. Nínú òkun, bàbá yẹn ni ì bá di ìyá.

Àwọn tó wà lẹ́yìn nínú ètò yìí ńkọ́? Onímọ̀ nípa ẹ̀dá kan, Peter Buston, ṣọ́ wọn ní Papua New Guinea, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní ọdún 2003. Ó rí i pé ẹja tó wà ní ipò kẹta ń díwọ̀n ara rẹ̀. Kì í jẹ́ kí òun tóbi tó ti ipò kejì. Ti ipò kẹrin kì í tóbi tó ti ipò kẹta. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ara wọn bá fẹ́ dọ́gba, ẹni iwájú á rí i bí ẹni tó fẹ́ gba ipò mọ́ òun lọ́wọ́, á bá a jà, á lé e jáde. Ẹja tí wọ́n bá lé kúrò nínú anẹ́mónì, àwọn ẹja ńlá á pa á jẹ. Nítorí náà ó dúró, ó kéré, ó ń retí ọjọ́ tí àyè máa ṣí sílẹ̀. Ọdún lè gorí ọdún.

Ẹni tó ń sìn wọ́n nílé gbọ́dọ̀ mọ èyí, torí òun ló ń fa ìjà tí ọ̀pọ̀ ò mọ orísun rẹ̀. Bí ẹ bá kó mẹ́ta sínú táǹkì kékeré, méjì á fẹ́ra, wọ́n á sì máa lu ẹ̀kẹta títí ó fi máa kú, nítorí kò ríbi sá sí. Méjì ló tó. Ẹ mú méjì tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré, tí ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ. Èyí tó tóbi á di abo láìsí wàhálà. Ẹ ó rí i tí èyí tó kéré á dojú ara kọ ẹ̀gbẹ́ kan níwájú rẹ̀, tí ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kò ṣàìsàn o. Ó ń sọ fún un pé òun gbà fún un ni.

Tí wọ́n bá ti mọ ara wọn dáadáa, tí oúnjẹ sì tó, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ara òkúta tó wà nítòsí anẹ́mónì ni wọ́n ń yé ẹyin lé. Akọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Á máa fi lẹ́bẹ́ fẹ́ omi sí i, á máa fi ẹnu nù ún, á kó èyí tó bá ti kú kúrò kí ó má bàa ba ìyókù jẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á pa. Láti tọ́ àwọn ọmọ yìí nílé ni iṣẹ́ wà, nítorí oúnjẹ tí ẹnu wọn gbà kéré débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ sin ẹ̀dá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rotifer lọ́tọ̀ fún wọn. Martin Moe, ní Florida, l'Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é dójú àmì fún títà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Lónìí, clownfish wà lára ẹja òkun tí wọ́n ń bí sínú táǹkì jù lọ lágbàáyé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà, èyí tí wọ́n bí sínú táǹkì ni kí ẹ béèrè. Ó ti mọ oúnjẹ tí wọ́n ń fi ọwọ́ dà sílẹ̀. Ara rẹ̀ le, àìsàn rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Kò sì dá ihò kankan sílẹ̀ nínú òkun ẹlòmíràn. Ní àwọn apá kan ní Filipínì àti Indonéṣíà, àwọn apẹja kan máa ń fún oró cyanide sínú àpáta iyùn kí ẹja lè dákú, kí wọ́n lè fi ọwọ́ kó o. Iyùn tí oró náà bá bà ń kú. Owó táa bá fi ra ẹja tí wọ́n bí nílé kì í dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja yìí lè gbé inú táǹkì yín fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí anẹ́mónì rárá. Ohun tó wulẹ̀ ń fẹ́ ni ibi tó lè fi ṣe tirẹ̀: ó lè jẹ́ iyùn rírọ̀, ó lè jẹ́ kọ̀rọ̀ òkúta, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀yìn pọ́ǹpù.

Anẹ́mónì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà, inú òkun ni wọ́n ti ń fa wọ́n yọ. Àwọn ẹ̀dá yìí kì í sì í ṣe ẹ̀dá ọlọ́jọ́ kúkurú. Ìtàn kan wà ní Edinburgh, ní Skọ́tílándì, tí mi ò lè gbàgbé. Ní ọdún 1828, onímọ̀ ẹ̀dá kan, Sir John Dalyell, mú anẹ́mónì pupa kan láti etíkun, ó fi í sínú ìgò omi òkun nílé rẹ̀. Irú tó wà létíkun Yúróòpù ni, kì í ṣe èyí tó ń gba clownfish. Dalyell kú ní ọdún 1851. Anẹ́mónì ò kú. Ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ń bímọ lọ, wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀, wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Granny, Ìyá Àgbà, ni wọ́n sọ ọ́. Ọdún 1887 ló tó kú, lẹ́yìn bí 59 ọdún nínú ìgò, láìsí iná mọ̀nàmọ́ná, láìsí pọ́ǹpù. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ò jẹ́ kí omi rẹ̀ dọ̀tí, gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo bá wá gbọ́ pé ẹnìkan ra anẹ́mónì lọ́jọ́ Ẹtì, tó ti jẹrà lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó máa ń dùn mí. Ohun tó lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan pa.

Òkun pàápàá kò fún wọn nísinmi mọ́. Bí omi bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, anẹ́mónì á pàdánù àwọn ewéko inú rẹ̀, á funfun báláú. Kò tíì kú o, àmọ́ ebi ń pa á. Ní erékùṣù Moorea nínú Òkun Pàsífíìkì, omi gbóná lọ́dún 2016, àwọn anẹ́mónì kan funfun, àwọn mìíràn ò funfun. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ clownfish ibẹ̀ rí i pé iye ẹyin àwọn tí ilé wọn funfun dín kù ní ìdá 73 nínú 100. Ní Kimbe Bay, Papua New Guinea, lọ́dún 2023, nígbà tí omi tún gbóná, clownfish ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí: ọ̀pọ̀ nínú wọn súnkì, ara wọn kúrú sí i, kì í ṣe pé wọ́n rù. Àwọn tó kúrú yìí ló yè jù. Bí àwọn ẹ̀dá náà ṣe ń sapá tó nìyẹn níbi tí Ọlọ́run dá wọn sí.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ anẹ́mónì, ẹ má lọ ra ti òkun. Irú kan wà, Entacmaea quadricolor, tí àwọn tó ń sin ẹja òkun ń pè ní bubble-tip, tí orí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wú. Òun ló rọrùn jù láti tọ́jú, òun ni ọ̀pọ̀ irú clownfish máa ń gbà. Ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì fúnra rẹ̀, ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ẹni tó ti ní in lọ́dún púpọ̀ kì í mọ ibi tó máa kó o sí mọ́. Ẹ lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìlú yín. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, wọ́n wà. Anẹ́mónì tí wọ́n pín nínú táǹkì ti mọ iná tó ń tàn nínú ilé, ìrìn àjò rẹ̀ ò sì ju ìrìn mọ́tò lọ.

Tó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rí i, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu tó pa dé ni ẹ fẹ́. Bí ẹnu bá ṣí sílẹ̀ gbagada, tí ohun inú ń yọ síta, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má ya. Ibi tó ti ya nígbà tí wọ́n ń fà á kúrò lára òkúta, ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lẹ̀ mọ́ nǹkan. Èyí tó funfun báláú, kì í ṣe ẹwà, ebi ni. Wọ́n tún máa ń rẹ àwọn kan láró, ẹ ó rí wọn tí wọ́n pọ́n tàbí tí wọ́n ní àwọ̀ ìyeyè tó ń kọ mànà. Ewéko inú wọn ti lọ, aró ò sì lè ṣe oúnjẹ fún wọn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Táǹkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún fún omi kì í ṣe ilé anẹ́mónì. Ìgbẹ́ ẹja á di amóníà, májèlé ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan á sọ amóníà di nitrite, májèlé ni òun náà. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí pípààrọ̀ omi lè dín kù. Ó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó. Ẹja lè wọlé lẹ́yìn ìyẹn. Anẹ́mónì ń dúró di oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ọdún kan ló dára jù. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ kánjú nínú èyí. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ 35 giramu nínú lítà kan. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún táǹkì ni, iyọ̀ ọbẹ̀ ò ní gbogbo èròjà tó yẹ. Omi tí wọ́n fi pò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sẹ́ dáadáa, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tààrà. Oògùn ẹja tó bá ní èròjà bàbà, ẹ má dà á sínú táǹkì tí anẹ́mónì wà, á pa á.

Anẹ́mónì ń rìn, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ibi tí ẹ gbé e sí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí iná tàbí torí bí omi ṣe ń ṣàn, á tú ẹsẹ̀ rẹ̀, á lọ wá ibòmíràn. Ó lè gba orí iyùn yín kọjá, kó sì ta á. Èyí tó burú jù ni pọ́ǹpù. Bí ó bá dé ẹnu pọ́ǹpù tó ń fa omi, á gún un wẹ́wẹ́, májèlé á sì kún inú omi. Fóòmù tàbí àwọ̀n ni kí ẹ fi bo gbogbo ẹnu pọ́ǹpù kí anẹ́mónì tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eléyìí ní Èkó, tàbí ní Ìbàdàn, ní ìṣòro méjì tí ará Lọ́ńdọ̀nù ò ní. Wọ́n ń ra ohun tó ń mú omi gbóná ní tiwọn. Tiwa ni pé omi ń gbóná jù. Ìwọ̀n 25 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ ẹ̀dá yìí. Tí ọjọ́ bá mú, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, ẹ lè gbé fáànù kékeré kọjú sí orí omi. Á tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n omi á máa gbẹ. Iyọ̀ kì í bá omi gbẹ. Omi aláìníyọ̀ ni kí ẹ fi dí èyí tó gbẹ lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyọ̀ á le jù. Ìṣòro kejì ni iná. Bí iná bá lọ, ọ́síjìn inú omi ló máa kọ́kọ́ tán, ẹja sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, àgàgà tí wọ́n bá pọ̀ tàbí tí omi gbóná. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ò wọ́n púpọ̀. Ẹni tí kò ní i kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Inverter ló tún dára ju jẹnẹrétọ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tó máa jí láàárín òru lọ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí anẹ́mónì.

Oúnjẹ anẹ́mónì ò pọ̀. Edé tútù tí wọ́n gé kéékèèké, bí èékánná ìka kékeré, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ó bá kó ara jọ fún ọjọ́ kan, tó da ìgbẹ́ dúdú sílẹ̀, tó sì tún yọ padà, ẹ má fòyà, bí ìṣe rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Bí ó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì burú, ó ti kú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ ní wéré, ẹ pààrọ̀ omi lọ́jọ́ náà, kí gbogbo táǹkì má bàa bá a lọ.

Ìbéèrè kan máa ń wá: a ti ṣe gbogbo rẹ̀, anẹ́mónì ti fìdí múlẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó ti lé lóṣù kan, clownfish ò tíì wọ inú rẹ̀, kí ni ká ṣe? Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹja tí wọ́n bí sínú táǹkì ò tíì rí anẹ́mónì rí láyé rẹ̀. Nínú òkun gan-an, irú clownfish tí wọ́n ń pè ní ocellaris, tó pọ̀ jù ní ọjà, bubble-tip kọ́ ló ń gbé. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè má wọ̀ ọ́ láéláé. Ẹ má fi àwọ̀n tì í, ẹ má ha wọ́n mọ́ ibì kan. Anẹ́mónì ò nílò rẹ̀ kó tó lè yè nínú táǹkì, nítorí kò sí ẹni tó ń gé ọwọ́ rẹ̀ jẹ níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ń fún un lóúnjẹ. Ẹ máa tọ́jú un nítorí òun fúnra rẹ̀.